Ẹyin Kan ní Ilé-Ẹyẹ

Ìbíwùmí ni ó ń ṣọ́ Ilé-Ẹyẹ, erékùṣù kékeré kan tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ igi. Ìrìn ibẹ̀ kò le rárá: kò sí òkè, kò sí ẹrẹ̀, arúgbó tó ń tẹ̀pá lè yí i ká kí oòrùn tó mú. Òfin kan ṣoṣo ló le. Orí iyanrìn gbalasa ni àwọn ẹyẹ òkun ń yé sí, ẹyin wọn sì jọ iyanrìn débi pé ojú àlejò kì í rí i. Nítorí náà, ibi tí Ìbíwùmí bá fi ẹsẹ̀ sí ni ẹni tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ sí. Ìránṣẹ́ ẹyẹ ni wọ́n ń pè é nílùú láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì bínú sí i. Ibi tí ìbínú rẹ̀ wà ni ọ̀ràn ẹyin, bí ó bá sì bínú, ẹnu rẹ̀ a máa ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀.

Mosúnmọ́lá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Lọ́dún tó ṣáájú, bí Mosúnmọ́lá ti ń sá ẹja létí omi, ìgbì gbé Àkàngbé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ. Láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ jáde mọ́, nítorí ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ lábẹ́lẹ̀, pé kò ṣọ́ ọmọ náà dáadáa, ń dé etí rẹ̀. Ìbíwùmí nìkan ni kò bá wọn sọ ọ́. Ó tilẹ̀ bá àwọn kan jà lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ó wá bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, dìde, jẹ́ ká lọ rìn díẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọ lára," Mosúnmọ́lá gbà.

Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ilé-Ẹyẹ, Ìbíwùmí sì kìlọ̀ fún un kí ó máa wo ilẹ̀, kí ó sì máa tẹ ibi tí òun bá tẹ̀. Wọ́n rìn jẹ́jẹ́, ara Mosúnmọ́lá sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀wọ́ ẹyẹ funfun kan fò kọjá lórí wọn. Mosúnmọ́lá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Inú Ìbíwùmí dùn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Kò tíì yíjú padà tán tí ìró kan fi dún pàá lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹyin ti fọ́.

"Mo ní kí o máa wo ilẹ̀!" ni Ìbíwùmí fi igbe ta. "Bí o ṣe gbójú sókè báyìí náà ni omi fi gbé ọmọ rẹ lọ!"

Bí ó ti sọ ọ́ tán ni jìnnìjìnnì bò ó. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Jọ̀wọ́, Mosún, kì í ṣe ohun tó wà nínú mi nìyẹn. Inú ló bí mi."

Mosúnmọ́lá rọra yọ èépo ẹyin kúrò lẹ́sẹ̀. "Ó wà nínú rẹ," ó dáhùn. "Ohun tí kò sí nínú ẹni kì í ti ẹnu ẹni jáde." Ó sì kọrí sídìí ọkọ̀.

Ìbíwùmí kábàámọ̀ títí ó fi rù. Ó bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, kò tán níbẹ̀, ó kó àwọn àgbà ìlú lọ bẹ̀ ẹ́. Mosúnmọ́lá kò bá a jà. Ó bu omi fún gbogbo wọn mu, ó ní òun ti forí jì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa ṣe bí ti àtẹ̀yìnwá, ó mi orí.

"Ẹ̀yin bàbá mi, bí ẹlòmíràn bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi, ilé Ìbíwùmí ni mo máa ń sá lọ. Ní báyìí, ilé ta ni kí n sá lọ?"

Àwọn àgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìbíwùmí sì ń sunkún tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.