Ìrìn Ọjọ́ Kan Láàrin Òkun àti Igbó Pasẹ̀rẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi ìdí kanlẹ̀, kí ẹ sì yá mi ní etí yín méjèèjì, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Orúkọ mi ni Ọdẹ́tókun. Ará òkè ni baba mi, ọdẹ ni, ẹ̀rù ẹfọ̀n kì í bà á. Ọmọ etíkun ni ìyá mi, ẹja ni ó ń yan. Nítorí náà ni mo ṣe mọ igbó bí ẹní mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí mo sì ti mọ ìró òkun kí n tó mọ orúkọ ara mi. Mo ti dojú kọ àmọ̀tẹ́kùn rí, mo ti fi ọ̀bẹ nìkan pa ìmàdò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lé mi jáde ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí kì í ṣe ẹranko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, mo pa ẹran ńlá kan létí ìlú Ìyanrìnfúnfun, n kò sì rí okùn tí n ó fi dì í. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo tú okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ ńlá ìlú mọ́ òpó, mo fi ìtàkùn lásán rọ́pò rẹ̀. Mo ní n ó dá a padà lọ́la. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjì ti já ìtàkùn, òkun ti gbé ọkọ̀ lọ, ìgbì sì ti fọ́ ọ túútúú. Nígbà tí mo gbọ́, mo pa ẹnu mi mọ́, mo kọrí sí àgọ́ ọdẹ mi ní Odò-Àkàn, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí ìlú náà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ní àfẹ̀mọ́jú, Ìyá Fẹ́yìíṣara kan ilẹ̀kùn mi. Ayanja ni obìnrin yìí ní Ìyanrìnfúnfun. Ọkọ̀ ni ó bá dé ní àná kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru.

"Ọdẹ, ṣé o ti gbọ́? Wọ́n ti dá ẹjọ́ Akínfọlárìn, olùṣọ́ ọkọ̀. Wọ́n ní òun ni ó jẹ́ kí ọkọ̀ lọ láìsí atukọ̀, nítorí náà òun náà yóò lọ bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, wọn yóò gbé e sínú ọkọ̀ kékeré tí kò ní àjẹ̀, wọn yóò sì tì í sí òkun."

"Lónìí kẹ̀? Nínú òkun tí ó ń ru báyìí?"

"Lónìí náà ni. Ọkùnrin náà ṣáà ń wí pé òun so ọkọ̀ dáadáa, kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ń sunkún, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀yìn mi tutù bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ gé nítorí tèmi yìí. Ọkọ̀ kò ṣeé wọ̀, nítorí òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù, èyíinì ni ipa tóóró tí ó wà láàrin òkun àti Igbó Pasẹ̀rẹ́. Àwọn iwin ni ó ni ibẹ̀. Wọ́n a máa pa ipasẹ̀ ẹni tí ń kọjá rẹ́, títí ẹni náà fúnra rẹ̀ yóò fi parẹ́. Mo gbé ìbọn mi, mo jáde.

Òkun ń bú ní ọwọ́ òsì mi bí akọ màlúù tí a so mọ́lẹ̀. Igbó dákẹ́ ní ọwọ́ ọ̀tún mi bí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Gbòǹgbò àwọn igi rẹ̀ dúró lórí omi, wọ́n rí bí ọwọ́ tí ń wá nǹkan. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ipasẹ̀ mi kankan, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì kò dé ibi tí mo ti rìn. Mo mú ìrìn mi le.

Oòrùn kò tíì ga tí iwin kan fi dábùú ọ̀nà. Ojú àgbàlagbà ni ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ alákàn mẹ́jọ ni ó fi ń rìn, ẹyinjú rẹ̀ yọ síta lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ń wò mí, èkejì ń wo òkun.

"Ọmọ ènìyàn, kí ni ẹrù tí ẹ ń rù láìlo òṣùká, tí ẹ kò lè sọ̀ ọ́ bí ẹ bá sùn, tí ẹni tí ó bá yín rìn kò sì lè rí i?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ìwà ibi tí a fi pamọ́ ni."

"Ta ni ó kọ́ ọ?"

"Orí mi ni ó wà."

Ó rẹ́rìn-ín, itọ́ hó ní ẹnu rẹ̀. "Máa lọ. Ṣùgbọ́n má yangàn: ẹni tí ó mọ orúkọ àrùn kò tíì lo oògùn."

Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òùngbẹ ti so ahọ́n mi mọ́ èrìgì, mo bá obìnrin kan tí ó jókòó lábẹ́ òjìji igi. Irun rẹ̀ funfun bí ìfófó òkun, ohùn rẹ̀ tutù bí amù tuntun. Ó na igbá omi sí mi.

"Jókòó, Ọdẹ́tókun. Mo mọ ibi tí ò ń lọ. Akínfọlárìn yóò kú lónìí, ìlú yóò gbàgbé rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Mu omi yìí, ìwọ náà yóò gbàgbé. O kò ní í rántí okùn, o kò ní í rántí ọkọ̀, oorun yóò dùn mọ́ ọ bí ti ọmọ ọwọ́."

Ẹ̀yin ará, n kò ní í purọ́ fún yín: mo gba igbá náà. Mo gbé e dé ètè mi. Oorun ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ojú mi ń fẹ́. Nígbà náà ni mo rántí ọmọ tí ó wà nínú Àṣàbí, tí yóò bi ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kan pé kí ni ó pa baba òun, tí ìyá rẹ̀ yóò sì purọ́ fún un láìmọ̀. Mo da omi náà sílẹ̀.

Obìnrin náà hu bí ìjì. Gbòǹgbò dìde nínú ẹrẹ̀, wọ́n wé mọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo yin ìbọn, kò dún, ẹ̀tù ti tutù. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo ń gé, wọ́n ń hù. Mo ń gé, wọ́n ń hù. Nígbà tí mo fi já ara mi gbà, oòrùn ti yí, ẹ̀jẹ̀ sì bo ojúgun mi.

Mo sáré dé ẹnu odò tí ó ya ìlú sọ́tọ̀. Níbẹ̀ ni iyanrìn gbéra nílẹ̀ níwájú mi, ó di ọkùnrin gàgàrà tí orí rẹ̀ ga ju igi àgbọn lọ.

"Ẹni tí ó yadi kì í gba ibí kọjá," ni ó wí. "Sọ ohun tí o ṣe."

"Ẹ gba ìbọn mi, kí ẹ jẹ́ kí n kọjá."

"Ṣé ìbọn ni ó ṣẹ̀?"

Mo ní, "Okùn kan ni ó tú." Bí mo ti wí bẹ́ẹ̀, iyanrìn gbé mi mì dé orúnkún. Mo yára ní, "Ìjì ni ó gbé ọkọ̀ kan lọ." Mo rì dé ìbàdí. Oòrùn ń lọ sílẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn ènìyàn ní òdìkejì. Mo sunkún. Mo pariwo pé, "Èmi ni! Èmi Ọdẹ́tókun ni mo tú okùn ọkọ̀, tí mo sì sá!"

Iyanrìn le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí àpáta, ó sì tì mí sókè. "Èmi kọ́ ni o ṣẹ̀," ni ọkùnrin gàgàrà náà wí. "Sáré!"

Mo la odò náà kọjá. Oòrùn ti fi ìdí kan omi. Akínfọlárìn wà nínú ọkọ̀ kékeré, ọkùnrin mẹ́rin ti fi ọwọ́ lé e, Àṣàbí dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn.

"Ẹ dúró! Èmi ni mo tú okùn! Ìtàkùn ni mo fi so ó!"

Baálẹ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọdẹ́tókun, ẹni tí ó bá gba ẹ̀bi ni yóò gba ibùjókòó ẹ̀bi nínú ọkọ̀ yìí. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Baálẹ̀."

Wọ́n fa Akínfọlárìn jáde, mo sì wọlé. Igi ọkọ̀ náà ṣì gbóná níbi tí ó jókòó sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Omi ti ń ta sí mi lójú nígbà tí Akínfọlárìn di etí ọkọ̀ mú.

"Ẹ má tì í," ni ó wí. "Mo ti mọ bí ó ti rí láti jókòó síbẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n."

Báyìí ni Baálẹ̀ yí ìdájọ́ padà: kí n gbẹ́ ọkọ̀ mìíràn fún ìlú, kí n má sì fọwọ́ kan ìbọn títí ọkọ̀ náà yóò fi léfòó. Ó gbà mí ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Akínfọlárìn a máa kí mi, mo sì máa ń kí i. Ṣùgbọ́n kò jẹun nínú ilé mi rí di òní, n kò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ má dúró de ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ fi orúkọ ara yín ṣáájú ọ̀rọ̀ náà: ẹ má wí pé àwo ni ó bọ́, ẹ wí pé ẹ̀yin ni ẹ fọ́ ọ. Ẹ sì tètè wí i, nígbà tí ẹni tí ń jìyà rẹ̀ ṣì wà ní etí omi. Mo ti sọ tèmi; kí oníkálùkù máa ro tirẹ̀ lọ sílé.