Ohun Tó Sọ Ìdajì Ìrù Òkété di Funfun

Nígbà láéláé, nígbà tí ìrù òkété ṣì dúdú láti ìdí dé ṣóńṣó, ìdí ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ẹranko igbó ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ni olùkọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ kan náà ló sì ń kọ́ gbogbo wọn: bí a ṣe ń gun igi.

Kì í ṣe ìkà o. Iná ọdẹ ló ń bà á lẹ́rù. Bí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn ọdẹ a dáná sungbó kí ẹran lè jáde. Ọdún tí irú iná bẹ́ẹ̀ pa ìyá tó bí Ọ̀kẹ́rẹ́, orí igi lòun sá sí tó fi yè. Ohun tó gbà á là, ó rò pé yóò gba gbogbo ayé là.

Ọmọ Àparò gun ọ̀pẹ, ó já bọ́. Ọmọ Ọ̀yà gùn ún, ó já bọ́. Ẹ̀lírí, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, kò tilẹ̀ rí ibi dì mú. Ọmọ Òkété ní tirẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ọ̀pẹ, ó ń wa ilẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ bi í.

"Ihò ni, Ìyá. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n gbẹ́."

"Mo ní kí o gungi, o ń walẹ̀. Olóríkunkun ọmọ. Dí i padà, n kò fẹ́ rí ihò níbí mọ́."

Ọmọ Òkété dí i, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí òórùn èéfín fi gba igbó kan. Iná ti ká wọn mọ́, ọ̀nà odò nìkan ló kù.

"Ẹ máa gùn ún bọ̀," Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ pariwo látòkè. Ojú rẹ̀ báyìí ni iná fò mọ́ imọ̀ gbígbẹ lórí ọ̀pẹ kan lọ́ọ̀ọ́kán, tí ó jó o láti òkè délẹ̀. Ó wá yé e. Òun ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kó ọmọ ọlọ́mọ sínú iná.

Ó bẹ́ sílẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn. Ìka kò kúkú dọ́gba.

"Ọmọ Àparò, o ní ìyẹ́, fò. Ọmọ Ọ̀yà, forí lé odò, o mọ̀ ọ́n wẹ̀." Ó wá yíjú sí Ọmọ Òkété. "Òkété, ọmọ mi, ìwọ àti Ẹ̀lírí kò lè sáré dé odò. Gbẹ́ ihò náà."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí n dí i."

"Èmi ni mo ṣì í ṣe. Gbẹ́ ẹ, jọ̀ọ́."

Àwọn méjèèjì jọ wa ilẹ̀. Èékánná Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣẹ́, kò dúró. Nígbà tí ooru ti ń jó wọn lẹ́yìn, Ọmọ Òkété ti Ẹ̀lírí wọlé ṣáájú, ó tẹ̀ lé e.

"Ẹ máa lọ, Ìyá."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò láti igi dé igi títí ó fi sọdá odò. Ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ kò jìn tó, kò sì ní ẹnu mìíràn tí wọ́n lè gbà sá. Ìrù Ọmọ Òkété kù síta, iná sì gba orí rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí eérú tutù, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ padà wá, ó ń pè wọ́n. Ẹ̀lírí jáde láìfarapa. Ọmọ Òkété jáde tẹ̀ lé e, ìdajì ìrù rẹ̀ funfun bí eérú. Olùkọ́ fi ewé nù ún títí, kò ṣí. Ó bú sẹ́kún.

"Ẹ má sunkún mọ́, Ìyá. Mo ṣáà wà láàyè."

Láti ọjọ́ náà ni ìdajì ìrù òkété ti funfun, tí kì í sì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ẹranko kọ̀ọ̀kan ti ń kọ́ ohun tí ara rẹ̀ gbà. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá sì pàdé òkété lọ́nà, kíá ló máa ń sá gungi lọ. Kò lè wo ìrù yẹn.