Ọkùnrin Tó Ń Kó Ọmọ-Ogun Tánńganran Jọ

Ọkùnrin kan wà ní Ọ̀wọ̀ tó ń kó ère ọmọ-ogun Jámánì jọ. Tánńganran funfun ni wọ́n fi ṣe àwọn ère náà nígbà Ogun Hítílà, àwọn tó ṣẹ́kù kò sì pọ̀ mọ́. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì ló ra àkọ́kọ́, láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti sinmi. Ó mọ iye bọ́tìnì tó yẹ kó wà láyà ẹni tó gbé àsíá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n. Ẹyọ kan ló kù tó ń wá: ológun orí ẹṣin.

Bàbá ọkùnrin yìí lọ sí ogun kan náà. Àwọn òyìnbó tó ń jọba lé wa lórí ló kó o lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan, ọ̀rẹ́ Jámánì, jà, ó sì kú síbẹ̀. Wọn ò gbé òkú rẹ̀ wálé, kò sì ya fọ́tò rí. Inú ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà wà nígbà tí bàbá lọ.

Ní Ọ̀wọ̀, ọmọ tó bá fẹ́ bu ọlá fún òbí rẹ̀ tó ti kú a máa ṣe àkó fún un. Ère tó jọ òkú náà gan-an ni. Wọ́n á wọ aṣọ iyì fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, wọ́n á sì sin ín. Ìyá ọkùnrin yìí ti darúgbó. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe àkó bàbá rẹ̀, kí òun lè rí ojú ọkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè júwe ojú náà fún agbẹ́gilére. Ọmọ kò kọ̀. Ó ní kí ìyá ṣe sùúrù, ẹlẹ́ṣin òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn ọmọ-ogun Jámánì tí bàbá rẹ torí wọn sọdá òkun ti wọ Ọ̀wọ̀ wẹ́rẹ́. Pálọ̀ wa ni wọ́n wà, a ò tiẹ̀ yìnbọn. Bàbá rẹ nìkan ni kò tíì ráyè wọlé."

Ìyá kú nígbà òjò. Ẹlẹ́ṣin dé lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, kò fọ́, kò sán. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà tó lọ bá agbẹ́gilére. Ẹni yẹn bi í bí iwájú orí bàbá rẹ̀ ṣe rí, bóyá ètè rẹ̀ nípọn, bóyá ó kọ ilà. Ọkùnrin náà ní kó kúkú gbẹ́ ojú tòun.

Agbẹ́gilére wò ó pẹ́. Ó ní, "Ojú ìyá yín lẹ gbé wá, bàbá."

Ọkùnrin náà lọ láti ilé dé ilé, ó ń bi àwọn arúgbó. Wọ́n rántí pé bàbá rẹ̀ ga. Ẹnìkan rántí pé ó máa ń kọrin lọ sóko. Títí di òní, bó bá rí ọkùnrin gíga kan lójú ọ̀nà, a máa tẹ̀ lé e díẹ̀ kó tó yà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò sọ pé ohun ẹlẹ́wà burú. Inú ló ń bí mi. Wọ́n kó àwọn baba wa lọ kú sí ogun tí kì í ṣe tiwọn, àwa fúnra wa ló sì ń bá àwọn òyìnbó parí ìwà ìkà náà, bí a ṣe ń jẹ́ kí ojú àwọn baba wa parẹ́. Ìyá àgbà kan wà nílé yín tó rántí ojú ẹnìkan. Ẹ lọ bá a lónìí, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í bí imú ẹni náà ṣe rí.