Ta Ni Yóò Tọ́ Ọbẹ̀ Ìṣínu Wò?
Lóṣù ààwẹ̀, Alájì Bùsàrí ará Ìwó pàṣẹ fún Ṣìfáwù, ìyàwó ọmọ rẹ̀: ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ kò gbọdọ̀ tọ́ ọbẹ̀ ìṣínu wò, bí iyọ̀ ọbẹ̀ náà bá sì kù tàbí tó pọ̀ jù, kó máa lọ sílé ìyá rẹ̀. Gbogbo ilé ló ń gbààwẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ṣìfáwù fi ṣíbí bu ọbẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Alájì tó ń fa tẹ̀súbáà. “Bàbá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò.” “Èmi tí mò ń gbààwẹ̀?” “Ẹ má bínú, Bàbá. Èèpo ẹ̀pà wà nírùngbọ̀n yín.” Alájì nu irùngbọ̀n, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó la ẹnu. “Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀,” ló wí jẹ́jẹ́. “Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ gbọ́.”