Ọkùnrin tó ń dúró de ìyàwó rẹ̀ níwájú

Àkànmú, jókòó kí o gbọ́: ọkùnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ìlú tí èmi àti ìwọ kò ní dé láyé yìí. Má wo aago ọwọ́ rẹ mọ́, èmi Ìyá Ìjọ rẹ kò ní dá ọ dúró pẹ́. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó rẹ tí o wá rò, màá dé ibẹ̀.

Eré ìje ọlọ́nà jíjìn ni ọkùnrin náà ń sá, èyí tí wọ́n ń pè ní máratọ́ọ̀nù. Ó sá a fún orílẹ̀-èdè yìí títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó gba ẹ̀bùn nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Orúnkún ló dá a dúró. Ó padà wálé, ó kó bàtà eré rẹ̀ sínú àpótí, ó ní ó kù kí òun wá gbádùn ìyàwó òun.

Kò tíì jókòó dáadáa tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọ lu obìnrin náà. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Dókítà sọ fún wọn pé àfi kó máa rìn lójoojúmọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Bó bá jókòó pa, ẹsẹ̀ náà á kú, kò sì ní rìn mọ́ láyé.

Ọkùnrin náà ní, "Ìrìn ṣá? Iṣẹ́ mi nìyẹn." Inú rẹ̀ dùn pé ohun tí òun mọ̀ ni wọ́n ní kí òun ṣe.

Ohun tó mọ̀ náà ló kó bá a. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ léré, olùkọ́ wọn a máa gun kẹ̀kẹ́ ṣíwájú wọn, a dúró sábẹ́ igi kan, a ní kí wọ́n máa bọ̀, pé ibẹ̀ ni eré parí sí. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a tún tẹ kẹ̀kẹ́ lọ. Wọ́n á bú u nínú, wọ́n á sì sá tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ eléré di akin. Òun náà wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Láràárọ̀, yóò fi ọ̀pá sí i lọ́wọ́ òsì, yóò rìn ṣíwájú, yóò dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ àdúgbò wọn, yóò ní, "Máa bọ̀, ó ti tán." Obìnrin náà á wọ́ ẹsẹ̀, á làágùn, á máa bọ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó dé, ọkọ rẹ̀ á tún sún lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé tó tẹ̀ lé e.

Má rò pé ìkà ni. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rí i tó tún yíjú padà tó ń lọ. Ó bá jókòó sórí àtẹ̀gùn alágbàfọ̀.

"Ìyá Yéjídé, dìde, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

"N ò lọ mọ́," ni obìnrin náà wí. "Ẹ máa lọ, Bàbá Yéjídé. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, ẹ̀yìn yín náà ni mò ń wò. Mo ti mọ̀ ọ́n ju ojú yín lọ."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ̀ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ inú lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ọkùnrin náà padà wá. Ó rọra ká orúnkún tó ń dùn ún, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, ó sì sunkún lójú títì. Nígbà tó ṣe, wọ́n jọ rìn padà sílé.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń rìn, níhà ọ̀tún tí kò lágbára. O rò pé ó rọrùn? Ẹni tó ti fi àwọn ọmọ aráyé sẹ́yìn, ewúrẹ́ ń yà á sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá eléré, ta ló gba ipò kìn-ín-ní lónìí?" Á ní, "Ìyàwó mi ni."

Bí wọ́n ṣe ń rìn bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti gbọ́ pé lọ́jọ́ tí òun gba ipò kejì lókè òkun, orí ìkúnlẹ̀ Yéjídé ni ìyàwó òun wà, tó ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó gbé rédíò sún mọ́ òun, bóyá wọ́n á dárúkọ ọkọ òun. Kò tíì sọ ọ́ fún un rí, nítorí kò rí i bá sọ̀rọ̀.

Ṣé ó rìn? Ó rìn. Ó ń tiro títí di òní, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọjà ẹ̀yìnkùlé wọn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń dé ibẹ̀.

Ó dáa, Àkànmú. O ní kí n bá ọ bá ìyàwó rẹ wí, pé láti ìgbà tí ọmọ yín ti kú, kò gbé e kúrò lọ́kàn, ìwọ sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. O ní kó jẹun, ó jẹun. O ní kó jáde lọ kí àwọn èèyàn, ó jáde, ó kí wọn. Ní báyìí, o ní àfi kó máa rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ́rìn-ín lọ́la, wàá tún ní òmíràn tí o fẹ́ kó ṣe. N kò ní bá a wí. Ìwọ ni mò ń bá wí, mo sì ń rọra ṣe é, nítorí mo rí i lójú rẹ pé ìwọ gan-an kò tíì sunkún ọmọ yìí. Iṣẹ́ tí o sá lọ bá yẹn, mo mọ ohun tí o ń sá fún.

Máa lọ sílé. Ibi tó bá jókòó sí, jókòó tì í níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ilé yín ti sọ fún yín pé a kì í dárúkọ ọmọ tó kú. Èmi náà dàgbà tó ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìyàwó rẹ bá dárúkọ ọmọ náà, kí ìwọ náà dárúkọ rẹ̀.