Ẹfúnyẹmí, Obìnrin Tí Ìlú Kò Gbọdọ̀ Kí

Ìparun ti dé ẹnu ọ̀nà ìlú Ìrágbà kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Arógunmásàá, ológun ẹlẹ́ṣin tó ti tú àwọn ìlú etí odò ká, ti ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìrágbà pé bí wọn kò bá fẹ́ kí iná jó òrùlé wọn, kí wọ́n kó ọmọbìnrin méje tí kò tíì relé ọkọ fún òun kí àgbàdo tó gbó. Ìrágbà kò ní odi, kò sì ní ẹṣin. Àwọn àgbà yan ọmọ méje, wọ́n ní ó sàn kí méje lọ ju kí gbogbo ìlú lọ. Àmọ̀kẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnyẹmí bí, wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́, nítorí irọ́ ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní ó ga bí ọ̀pẹ, wọ́n ní bó bá kígbe, ewé a máa já. Irọ́ gbuu! Obìnrin kúkúrú ni, adúmáadán, tí kì í pariwo. Ẹfúnyẹmí ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ afináṣeré-má-jóná, ọmọ arọkọ́-rọ-àdá-fún-ọba. Ohun tó fi ju gbogbo wa lọ kò ju pé bó bá ti ní rárá, rárá náà ni.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dìbò ní Ìrágbà. Pápá kan wà níwájú ilé Baálẹ̀, igi ayùnrẹ́ wà lápá kan rẹ̀, àpáta wà lápá kejì. Ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ a lọ sábẹ́ igi, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn a lọ sídìí àpáta. Òfin àwọn baba ńlá wọn ni pé ọ̀rọ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ ìlú kan bá ṣì wà nídìí àpáta. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní láti bi í léèrè ìdí tó fi dúró, kí wọ́n sì gbọ́ ọ dópin. Òfin tó dára ni, àfi pé wọn kì í ka ẹsẹ̀ obìnrin mọ́ ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ ọmọ méje náà, gbogbo ọkùnrin ló lọ sábẹ́ igi. Àwọn kan ń sunkún bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọdẹ́tókun, baba Àmọ̀kẹ́, lọ pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n ṣe fẹ́ túká ni Ẹfúnyẹmí jáde láàárín àwọn obìnrin tó ń wòran lẹ́bàá ògiri, ó la pápá kọjá, ó lọ dúró sídìí àpáta ní òun nìkan.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, "Háà, kí lèyí? Ẹ bá wa bi í, kí ló ń wá níbẹ̀?"

Lágbókùn, Ọ̀tún Baálẹ̀, ló na ọwọ́ sókè. "Ẹ má bi í! Bí ẹ bá ti bi í, ẹ ti kà á nìyẹn. Èmi ò rí ẹnì kankan níbẹ̀, àpáta ni mo rí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí i, títí àwọn ìránṣẹ́ Arógunmásàá yóò fi wá kó àwọn ọmọ lọ. Ebi yóò lé e relé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ ti jí rí kí ẹnikẹ́ni má kí yín bí? Ní ilẹ̀ tí a ti ń kí ẹni tó ń jókòó, tí a ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tí a tún ń kí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan! Ó jẹ àgbàdo sísun tó dì sétí aṣọ, ó fi ọwọ́ gbọ́n omi òjò mu, ó fẹ̀yìn ti àpáta sùn. Àwọn ìyàwó tí òun àti wọn jọ wọ agbo ilé ní ọdún kan náà gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sódò kí ojú wọn má baà ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tirẹ̀. Ọdẹ́tókun gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó kọjá, ilẹ̀ ló ń wò. Èyí tó dùn ún jù ni ti Àmọ̀kẹ́. Ọmọ náà dé etí pápá, ó ya ẹnu, ó yí padà. Ẹfúnyẹmí sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò kúrò.

Àwọn ìránṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan tí kùrukùru bo ilẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ti to àwọn ọmọ méje, ìlú ti pé, Lágbókùn nìkan ni wọ́n ń retí. Bàbá yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ ìkíni ni. Wọ́n ní kì í kọjá lára ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ kó má sọ pé ẹ kú ìsinmi. Apá ibi àpáta ló gbà wọ pápá, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ó rí ẹnì kan nínú kùrukùru, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti kékeré.

"Ẹ kú ìdúró o."

"Òo," ni obìnrin náà dáhùn. "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Ẹnu ló yọ̀! Ẹnu bàbá ló yọ̀!"

Lágbókùn mi orí. "Ẹnu mi kò yọ̀. A kì í kí ibi tí kò sí èèyàn. Mo kí i, ó dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ojú ló ń tì mí." Ó yíjú sí i. "Ẹfúnyẹmí, kí ló dé tí o fi dúró?"

Ohùn rẹ̀ ti há nítorí àìsọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin baba mi, ẹni tó bá ń ju ẹran sí ẹkùn lẹ́nu ọ̀nà, ilé ló ń fi hàn án. Méje ló bèèrè lọ́dún yìí. Mélòó ni yóò bèèrè lẹ́ẹ̀míì? Omi wà lórí òkè tí a ti ń ṣẹ́gi, ẹṣin kò lè gùn ún. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ọmọ wa, ká lọ. Bí ẹ bá sì kọ̀, ẹsẹ̀ mi rèé. N kò kúrò."

Òfin ni òfin ń jẹ́. Ẹsẹ̀ kan ṣì wà nídìí àpáta, ọ̀rọ̀ kò sì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ padà lọ́wọ́ òfo, ìlú di ẹrù, wọ́n gun òkè. Nígbà tí Arógunmásàá fi máa dé, ilé òfìfo ló dáná sun. Àwọn ẹṣin rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta títí ó fi sú u, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ óò rò pé wọ́n gbé Ẹfúnyẹmí jó. Rárá o. Ọdẹ́tókun kọ́ ilé tirẹ̀ sápá ibòmíràn, nítorí àwọn ọkùnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin ń yìn ín, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó tì í. Àmọ̀kẹ́ kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì pe ìpàdé àkọ́kọ́ ní pápá tuntun tí wọ́n là lórí òkè, Baálẹ̀ ní ogun ti tán, kí àwọn obìnrin máa lọ sílé, kí àwọn ọkùnrin pín ilẹ̀.

Ẹfúnyẹmí dìde. Ó rìn lọ sí apá kejì pápá tuntun náà, ó sì dúró, òun nìkan.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan fi èjìká kan èjìká rẹ̀, ohùn ọmọ rẹ̀ sì ní, "Ìyá mi, ẹ sún sọ́hùn-ún fún mi díẹ̀."

Kò bojú wẹ̀yìn, kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀. Ó sún. Obìnrin mìíràn dé, wọ́n tún sún. Títí di òní olónìí, lórí òkè wa, bí ọmọbìnrin bá kọ́kọ́ wọ pápá láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dìbò, ohun tí yóò sọ nìyẹn kó tó dúró: "Ìyá mi, ẹ sún sọ́hùn-ún fún mi díẹ̀." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló gbọ́dọ̀ sún.