Ìyẹ́ Ìdí Àkókó

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àdùfẹ́, má tíì sùn o, ìwọ lo máa gbe orin. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí ìrókò, níbi tí àwọn ẹyẹ kó ọmọ wọn sí. Àkókó ò gbé ibẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ni àjèjì ẹyẹ kan bá bà lé ẹ̀ka, ó ń kọrin:

Àkókó ni mí, ẹ jẹ́ n wọlé,
*Kó-kó-kó!*
Mo fẹ́ bá yín ṣọ́ ọmọ,
*Kó-kó-kó!*

Odídẹrẹ́ wo orí rẹ̀, ó pupa. "Àkókó ni!"

Ó tún kọrin. Àgbìgbò wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó lámì tótòtó. "Àkókó ni!"

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Àdàbà, tó ti bá àkókó gbé rí, ní, "Àlejò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà." Ó wo ìyẹ́ ìdí rẹ̀.

"Ìyẹ́ ìdí ni àkókó fi ń ti ara rẹ̀ mọ́ igi tó bá ń gbẹ́ ẹ, ṣóńṣó rẹ̀ a sì máa jẹ bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Tiyín ò jẹ rárá. Igi wo lẹ ti gbẹ́ rí?"

Àjèjì bá fò lọ, osùn ń gbọ̀n dànù lórí rẹ̀. Àṣá ni!

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí mo bá àlọ́ dé nìyẹn. Bí àlejò bá ṣe ọ̀ṣọ́ wá, ẹ yìn ín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ wo ibi tí iṣẹ́ ti jẹ lára rẹ̀.